Ali Farka Touré: Àgbẹ̀ tó ta gìtá dé òkè òkun, tó sì padà sóko

Oṣù Keje ọdún 2006 ni àwo orin kan tí wọ́n pè ní Savane jáde. Ali Farka Touré, ọmọ orílẹ̀-èdè Màlí, àgbà nínú iṣẹ́ gìtá títa, ló kọ ọ́. Bí àwo náà ṣe jáde ni ìyìn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀jò láti ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n etí ẹni tó kọ ọ́ kò gbọ́ ọ. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà ni àrùn jẹjẹrẹ inú egungun ti pa á.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ àwọn òǹkàwé wa ní Odò-Orò, Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó má tíì gbọ́ orúkọ ọkùnrin yìí rí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Pẹ̀lú gbogbo òkìkí tó ní, kò gbà kí ẹnikẹ́ni pe òun ní olórin kí wọ́n tó pe òun ní àgbẹ̀. Oko ló fi ṣe iṣẹ́, orin ló fi ṣe ẹ̀bùn, ìlú rẹ̀ ló sì jẹ àǹfààní méjèèjì.

Ọmọ tí wọ́n sọ ní Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́

Ọdún 1939 ni wọ́n bí Ali ní abúlé Kanau, létí Odò Ọya. Odò Ọya yìí kan náà ló ń ṣàn gba Jẹ́bà kọjá, tó sì ń pàdé odò Bẹ́núè ní Lọ́kọ́ja, níbi tí kò jìnnà sí àwa ará àríwá Èkìtì. Òun ni ọmọkùnrin kẹwàá tí ìyá rẹ̀ bí, òun sì ni àkọ́kọ́ tí kò kú ní kékeré. Ìdí nìyí tí àwọn òbí rẹ̀ fi fún un ní orúkọ Farka, èyí tó túmọ̀ sí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ẹranko tó lágbára tó sì lágídí. Ẹni tó bá mọ ìdí tí Yorùbá fi ń sọ ọmọ ní Kòsọ́kọ́, Málọmọ́ tàbí Akìsàátán kò nílò àlàyé kankan. Ali fúnra rẹ̀ a máa fi orúkọ náà ṣe àwàdà, a ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè gùn ni òun.

Ogun Àgbáyé Kejì ni bàbá rẹ̀ bá lọ nígbà tó ń ṣe sójà fún ìjọba Faransé. Lẹ́yìn èyí ni ìdílé wọn kó lọ sí Niafunké, ìlú kan létí odò yẹn kan náà, ní etí aṣálẹ̀ Sàhárà. Níbẹ̀ ni Ali dàgbà sí. Kò lọ sí ilé ìwé. Oko ni wọ́n mú un lọ.

Láti orí okùn kan dé orí gìtá

Ní ilẹ̀ Màlí, àwọn ìdílé kan wà tí wọ́n bí orin mọ́, bí ìdílé àyàn àti ti arọ́kin ṣe wà nílẹ̀ wa. Ìdílé Ali kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Ìdílé ọlọ́lá ni wọ́n, wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ àwọn di alágbe. Ṣùgbọ́n orin àwọn abọ̀rìṣà odò ti wọ ọmọ náà lára. Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún méjìlá, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gurkel, ohun èlò olókùn kan tí wọ́n fi igbá ṣe. Lẹ́yìn náà ló kọ́ njarka, èyí tó bá gòjé tí àwọn àgbà wa mọ̀ nínú orin sákárà mu.

Ní ọdún 1956, ó rí Keïta Fodéba, ọmọ orílẹ̀-èdè Guinea, tó ń ta gìtá, inú rẹ̀ sì dùn púpọ̀. Kò wá ẹni tí yóò kọ́ ọ bí àwọn òyìnbó ṣe ń ta á. Bó ṣe ń fi ìka ta okùn gurkel ló gbé sórí gìtá. Ìdí nìyí tí gìtá rẹ̀ kò fi jọ ti ẹlòmíràn.

Orin kọ́ ló ń bọ́ ọ nígbà náà. Ó ṣe awakọ̀, ó ṣe mẹkáníìkì, ó sì wa ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé aláìsàn. Ní ọdún 1968, wọ́n mú un lọ síbi àjọ̀dún kan ní Sofia, olú ìlú Bọ̀lìgéríà, ibẹ̀ ló sì ti ra gìtá tirẹ̀ àkọ́kọ́. Láàárín ọdún mélòó kan lẹ́yìn èyí, ó di òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ rédíò ní Bamako, olú ìlú Màlí. Ní ọdún 1980, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì padà sí Niafunké láti dáko.

Ayé wá a lọ

Ọdún 1987 ni ilé iṣẹ́ World Circuit ní Lọ́ńdọ̀nù gbé àwo kan jáde fún un. Ẹnu ya àwọn òyìnbó. Wọ́n ní orin búlúùsì ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ni ó ń kọ. Ali ní rárá. Ó ní láti ilẹ̀ Áfíríkà ni ohun tí wọ́n ń pè ní búlúùsì ti lọ, pé ọmọ ni ti Amẹ́ríkà jẹ́, ìyá sì wà nílé. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé inú búlúùsì yìí ni orin rọ́ọ̀kì ti jáde.

Ní ọdún 1994, òun àti Ry Cooder, gbajúmọ̀ onígìtá rọ́ọ̀kì ọmọ Amẹ́ríkà, jọ ṣe àwo Talking Timbuktu. Àwo náà gba àmì-ẹ̀yẹ Grammy ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹlòmíràn ìbá ti ra ilé sí Párísì kó sì máa gbé ibẹ̀. Ali ní oko òun ń dúró de òun.

Nígbà tí ó tó àkókò láti ṣe àwo mìíràn, kò lọ sí òkè òkun. Àwọn òyìnbó ló kó ẹ̀rọ wọn wá bá a ní Niafunké. Inú ilé àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́ ni wọ́n ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ nítorí pé kò sí iná. Orúkọ ìlú náà, Niafunké, ni wọ́n fi sọ àwo tó jáde ní ọdún 1999.

Ibi tí owó orin náà lọ

Owó tí Ali ń rí nídìí orin, oko ló ń ná an sí. Ó fi ra ẹ̀rọ tó ń fa omi odò wọ oko ìrẹsì, nítorí pé òjò kì í tó ní etí aṣálẹ̀. Àwa tí òjò máa ń rọ̀ fún láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹwàá lè má mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Níbẹ̀, ẹni tó bá fa omi wọ oko fún ìlú, oúnjẹ ló fún wọn.

Ní ọdún 2004, wọ́n yàn án ṣe olórí ìjọba ìlú Niafunké, ipò tó dà bí alága ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Owó ara rẹ̀ ló fi tún ọ̀nà ṣe, ló fi la gọ́tà, ló sì fi ra jẹnẹrétọ̀ tó ń fún ìlú ní iná.

Àìsàn ti wà lára rẹ̀ nígbà tó tún gbé gìtá. Ní ilé ìtura kan létí Odò Ọya ní Bamako ni òun àti Toumani Diabaté, ọ̀gá nínú kora títa, ti ṣe In the Heart of the Moon, tó jáde ní ọdún 2005. Èyí náà gba Grammy ní oṣù Kejì ọdún 2006. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe Savane. Gìtá Ali àti ngoni, ohun èlò olókùn tó jọ mólò tiwa, ló gbé orin náà ró. Bassekou Kouyaté wà lára àwọn tó ta ngoni níbẹ̀, Pee Wee Ellis láti Amẹ́ríkà sì fun sasofóònù. Síbẹ̀, orin Odò Ọya ni gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tó kú, rédíò Màlí dá ètò rẹ̀ dúró, orin rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́. Niafunké ni wọ́n sin ín sí.

Orin kò bá a wọ sàréè

Ní ọdún 2012, àwọn ajàjàgbilẹ̀ gba àríwá Màlí, títí kan Niafunké. Wọ́n fòfin de orin. Ọ̀pọ̀ olórin sá kúrò nílùú kí àwọn ọmọ ogun Faransé àti ti Màlí tó lé wọn jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013. Ní gbogbo àkókò yìí, àwo Ali ń lọ káàkiri ayé. Ọmọ rẹ̀, Vieux Farka Touré, tí bàbá rẹ̀ kò kọ́kọ́ fẹ́ kó di olórin, náà ti di onígìtá tí ayé mọ̀. Ní ọdún 2022, òun àti ẹgbẹ́ Khruangbin láti Amẹ́ríkà tún àwọn orin bàbá rẹ̀ kọ. Ní ọdún 2023, àwo mìíràn tí Ali ti gbà sílẹ̀ kó tó kú, Voyageur, jáde.

Àwa náà ní àgbà onígìtá tí ayé gbàgbé tó sì tún dìde. Fatai Rolling Dollar bẹ̀rẹ̀ orin ní ọdún 1953, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni Ebenezer Obey ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a kò gbúròó rẹ̀ kó tó padà dé pẹ̀lú Wọ́n Kéré Sí Nọ́ńbà Wa lẹ́yìn ọdún 2000. Ó kú ní oṣù Kẹfà ọdún 2013. Iṣẹ́ orin ní ìgbà ọ̀wọ́n tirẹ̀, bí oko ṣe ní. Ní ìgbà ọ̀wọ́n ti Ali, oko ló gbà á dúró. Nígbà tí orin sì mú owó dé, kò gbàgbé oko.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ ní Èkó, ní Àbújá àti ní Lọ́ńdọ̀nù, a sì ń gbàdúrà pé kí iṣẹ́ náà máa mú owó wọlé. Kí wọ́n ṣáà máa bi ara wọn léèrè bí Ali ṣe bi ara rẹ̀: nínú owó yìí, èwo ló ti di ọ̀nà, gọ́tà tàbí omi nílé?