Bí tar Ṣe Ń Lo Zstandard

tar ni irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí a fi ń di ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáìlì pọ̀ bí ẹrù kan ṣoṣo. Ó ti wà nínú Unix láti ọdún 1979, nígbà tí orí téèpù ni wọ́n ń pa iṣẹ́ mọ́ sí. Ṣùgbọ́n dídi ẹrù nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ẹrù náà kéré, ètò mìíràn ni tar ń bẹ̀ níṣẹ́: gzip, bzip2 tàbí xz. Ẹrù xz a máa kéré gan-an, àmọ́ ó lọ́ra!

Ní ọdún 2016, Facebook gbé Zstandard tí Yann Collet ṣe jáde. Ó yára ju gzip lọ, ẹrù rẹ̀ sì sábà máa ń kéré sí i. Ní 2019, GNU tar 1.31 gba --zstd wọlé. Àfikún kékeré ni, nítorí tar fúnra rẹ̀ kò kọ́ bí a ti ń fún ẹrù pọ̀. Orúkọ ẹni tí yóò pè ló mọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà sì wà: bí ètò zstd kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ẹ fi ẹrù ránṣẹ́ sí, GNU tar rẹ̀ kò ní lè tú u, bó ti wù kó jẹ́ tuntun tó. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, tar -czf ti gzip ni kí ẹ fi dì í.