Ìkòkò ti há mọ́ igi: bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ tí igi kò fi ní rọ

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà nídìí àtẹ, ọ̀rọ̀ òní kàn yín dáadáa. Ọ̀rọ̀ igi inú ìkòkò ni, pàápàá ọsàn wẹ́wẹ́.

Ẹ wo àgbàlá wa. Sìmẹ́ńtì ti bo ilẹ̀, ọ̀pọ̀ wa sì jẹ́ ayálégbé. Ìdí nìyí tí a fi ń gbin igi sínú korobá, sínú báfù tó ti ya, sínú àgbá tí a gé sí méjì. Ọsàn wẹ́wẹ́ tí a ti tọ́ fún ọdún 3, tó ti ń so, owó ni. Òun la fi ń fọ ẹja, òun la fi ń se àgbo, èyí tó bá ṣẹ́kù a gbé e lọ sọ́jà. Bí irú igi bẹ́ẹ̀ bá kú nítorí pé a pààrọ̀ ìkòkò rẹ̀, iṣẹ́ ọdún 3 ló lọ yẹn. Àwọn kan á ní "ọwọ́ mi ò bá igi mu." Ọ̀rọ̀ ọwọ́ kọ́ o, gbòǹgbò ló já.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti há?

Ẹ wo abẹ́ ìkòkò. Bí gbòǹgbò bá ti ń yọjú níbi ihò, ó ti há. Bí ẹ bá bomi rin ín láàárọ̀, tí ewé rẹ̀ tún sorí kọ́ lọ́sàn-án, ó ti ń há. Bí omi bá kàn gba ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wàrà, tí erùpẹ̀ kò mu ún, ẹ ti mọ ohun tó kàn.

Ìgbà wo ló dára?

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni. Ẹ má ṣe é nígbà ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fa omi lára ewé, gbòǹgbò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà láàmú kò sì lè fa omi tó láti fi rọ́pò rẹ̀. Ohun tó ń pa igi gan-an nìyẹn. Bí èso bá wà lórí rẹ̀, ẹ ká a tán ná. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é.

Ìkòkò tuntun àti erùpẹ̀

Kí ìkòkò tuntun fi ìka mẹ́ta fẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ yíká, ó tó. Bó bá tóbi jù, erùpẹ̀ tí gbòǹgbò kò tíì dé máa gba omi dúró, gbòǹgbò á sì rà. Ẹ lu ihò sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn kan máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí omi lè máa jáde. Òkúta yẹn ò ran omi lọ́wọ́, àyè erùpẹ̀ ló ń gbà. Àpáàdì kan lórí ihò ti tó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbin òwú, ẹ gbọ́ o: ike tó ti gbé oògùn òwú rí, ẹ má fi gbin ohun tí ẹ máa jẹ. Bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, oògùn lè ṣẹ́kù lára rẹ̀.

Erùpẹ̀ ńkọ́? Abọ́ ilẹ̀dú 2, abọ́ iyanrìn odò 1, abọ́ ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa 1. Ìgbẹ́ adìẹ tútù máa ń jó gbòǹgbò.

Iṣẹ́ yá

Ẹ bomi rin igi náà dáadáa lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí erùpẹ̀ rẹ̀ lè dì mọ́ra. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oòrùn, kí ẹ lè dá a padà bẹ́ẹ̀. Ẹ pe ẹni méjì mọ́ra, ẹ tẹ orúnkún kí ẹ tó gbé e, ẹ má fi ìbàdí nìkan gbé e.

Ẹ dá a dùbúlẹ̀ sórí àpò. Ẹ ti ọ̀bẹ gígùn bọ ẹ̀gbẹ́ inú ìkòkò, ẹ fi yí i po, kí ẹ wá gbá ara ìkòkò. Ìkòkò la ń fà kúrò lára igi, a kì í di igi mú ká máa fà á. Bó bá kọ̀, ẹ la korobá náà. Korobá ò wọ́n tó igi. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí gbòǹgbò bá ti yí ara rẹ̀ po, ẹ fi abẹ fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ ní ibi 3 tàbí 4, kó má jìn. Ẹ gé èyí tó dúdú tó ń rùn kúrò. Ẹ má gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù tán o! Inú rẹ̀ ni àwọn gbòǹgbò tín-ín-rín bí irun wà, àwọn ló ń mu omi.

Ibi tí erùpẹ̀ dé lára igi tẹ́lẹ̀ náà ni kó dé báyìí. Bí ẹ bá bo ìdí ọsàn mọ́lẹ̀, ó lè jẹrà. Ẹ fi ọwọ́ tẹ erùpẹ̀, ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi àyè ìka mẹ́ta sílẹ̀ lókè, kí ẹ bomi sí i títí tó fi máa jáde lábẹ́.

Lẹ́yìn náà

Ẹ gbé e síbi òjìji fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ẹ wá máa mú un wọ oòrùn díẹ̀díẹ̀, oòrùn àárọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ajílẹ̀ òyìnbó sí i fún oṣù kan. Bí ewé díẹ̀ bá já, ẹ má bẹ̀rù. Ẹ fi èékánná ha ẹ̀ka kan: bí abẹ́ rẹ̀ bá tutù yọ̀yọ̀, igi wà láàyè. Ẹ ki ìka bọ erùpẹ̀ kí ẹ tó tún bomi. Bó bá tutù, ẹ fi sílẹ̀.

Àwo abẹ́ ìkòkò ńkọ́? Ẹ dà á nù lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Nínú omi tó dúró, ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Ká má tìtorí ọsàn kó àìsàn wọlé. Ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Ẹni tí kò bá rí ìkòkò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ rà, kó wa erùpẹ̀ òkè kúrò ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kó fi tuntun dípò rẹ̀. Èyí á mú un dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọmọ igi lẹ́bàá títì, ẹ má pààrọ̀ ìkòkò igi lónìí kí ẹ tà á lọ́la. Ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3. Ẹni tí igi rẹ̀ bá yè máa padà wá rà, ó sì máa mú ará ilé rẹ̀ wá.