Bí mọ́tò bá ń mi èrò jìgìjìgì, ẹ má kọ́kọ́ sáré ra ṣọ́ọ̀kù

Ẹni tó bá wọ Micra láti Dùgbẹ̀ lọ sí Challenge, n'Ìbàdàn, mọ ọkọ̀ tó ṣì lágbára yàtọ̀ sí èyí tó ti ṣàárẹ̀. Bí èyí tó ti ṣàárẹ̀ bá já sí kòtò, ṣe ni yóò ju èrò sókè, irin yóò sì máa dún kó-kó-kó lábẹ́ rẹ̀. Èrò tó bá jìyà lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ mìíràn ni yóò wọ̀ lọ́la. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ẹni tó ń fi mọ́tò kó ẹyin lọ sí Bódìjà: èyí tó bá fọ́ lójú ọ̀nà, èrè ló fọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ni kí wọ́n lọ ra ṣọ́ọ̀kù Tòkunbọ̀ mẹ́rin ní Gate. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ọdún 2023, tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ti gbówó lórí gan-an. Ó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí owó kò ti pọ̀.

Táyà ni àkọ́kọ́. Bí atẹ́gùn inú rẹ̀ bá pọ̀ jù, mọ́tò yóò le bí òkúta. Iye tó yẹ sábà máa ń wà lára bébà tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ tún wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbi tí wọ́n kọ DOT sí: 2219 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2019. Táyà tó bá ti gbó máa ń le.

Bọ́ọ̀ṣì ló kàn, ìyẹn rọ́bà inú irin apá tó di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú. Òun ló sábà máa ń fa ariwo náà, owó rẹ̀ kò sì tó ti ṣọ́ọ̀kù. Kí mẹkáníìkì tó fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa, kó kọ́kọ́ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí táyà. Bí ó bá fún un pa lórí jáàkì, rọ́bà náà yóò lọ́, kò sì ní pẹ́ ya.

Ìgbà náà ló tó kan ṣọ́ọ̀kù. Ẹ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi í sílẹ̀: bí ó bá fò ju ẹ̀ẹ̀kan sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ, tàbí tí ọ́ìlì ń jò lára ṣọ́ọ̀kù, ó ti kú. Ọ̀tún àti òsì ni kí ẹ pààrọ̀ pọ̀. Ẹ yẹra fún rọ́bà tí àwọn kan ń ki sáàárín sípíríǹgì kí ọkọ̀ lè ga. Ẹ̀yìn èrò ló ń jìyà rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe alignment, kí táyà má baà jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kí ẹ sì kọ iye tí ẹ ná sínú ìwé, nítorí ọkọ̀ tó ń pa owó wọlé, kò yẹ kí a máa tún un ṣe bí ẹni ń ta tẹ́tẹ́.