Ìmúra Ìrìn-àjò Lọ Wo Ìdíje Tẹ́níìsì ní Wimbledon

Eré tẹ́níìsì kì í ṣe àjèjì ní àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá. Ní Èkó àti ní Ìbàdàn, ó pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ olówò àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ní pápá tí wọ́n ti ń gbá a, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó sì jẹ́ pé bí wọ́n ti ń ṣa bọ́ọ̀lù fún àwọn àgbà ni ọwọ́ wọn fi kọ́kọ́ kan ráákẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí eré yìí bá ti wọ̀ lára kò ní ṣàìgbọ́ orúkọ Wimbledon. Bí ìparí oṣù kẹfà bá ti dé, yóò jókòó ti tẹlifíṣọ̀n fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, yóò sì máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, bí owó bá wà, òun náà yóò fi ojú ara òun rí ibẹ̀ ní ọjọ́ kan. Owó ṣe kókó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn tí wọn kò sì dé ibẹ̀ kò kéré níye. Ohun tí ó ń dá irú wọn padà ni pé wọn kò mọ èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú, wọn kò sì mọ èyí tí ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn.

Wimbledon jẹ́ àdúgbò kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní ìhà gúúsù tí ó dojú kọ ìwọ̀-oòrùn. Ọdún 1877 ni ẹgbẹ́ tí a ń pè ní All England Club kọ́kọ́ pe ìdíje náà. Ọkùnrin 22 péré ni ó forúkọ sílẹ̀. Spencer Gore ni ó borí gbogbo wọn, nǹkan bí 200 ènìyàn ni ó sì san ṣílè kọ̀ọ̀kan láti wo àṣekágbá rẹ̀. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1884. Ní 1922 ni ẹgbẹ́ náà ṣí lọ sí ojú ọ̀nà Church Road, níbi tí ó wà títí di òní. Ogun àgbáyé méjèèjì dá ìdíje yìí dúró, bọ́ǹbù tilẹ̀ já lu Centre Court ní 1940. Àrùn kòrónà sì tún dá a dúró ní 2020. Nínú ìdíje mẹ́rin tí ó tóbi jù lọ ní àgbáyé, òun nìkan ni wọ́n ṣì ń gbá lórí koríko tútù. Mìlímítà 8 ni wọ́n ń gé koríko náà mọ, ó sì tẹ́jú bí ẹní tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́.

Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá rò pé eré àwọn Òyìnbó nìkan ni èyí. Ní 1957, Althea Gibson, obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà, gba ife ẹ̀yẹ àwọn obìnrin. Ní 1975, Arthur Ashe gba ti àwọn ọkùnrin. Ashe yìí kan náà ni ó wà ní Èkó ní oṣù kejì ọdún 1976, tí ó ń bá Jeff Borowiak figagbága lọ́wọ́, nígbà tí àwọn ológun wọ inú pápá tí wọ́n sì dá eré náà dúró, nítorí pé ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Mohammed. Ní 1983 ni Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà, pàdé Guillermo Vilas ní ìpele àkọ́kọ́ ní Wimbledon. Ipò kẹrin ni àwọn aláṣẹ ìdíje to Vilas sí ní ọdún náà. Ó ti ṣíwájú ní abala méjì kí Odizor ó tó gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà náà kò sì dúró títí ó fi dé ìpele kẹrin.

Ẹ jẹ́ kí á fi akọ̀wé ilé ìfowópamọ́ kan ní Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Ó ti ń tu owó jọ fún ọdún mẹ́ta, ó sì fẹ́ lọ wo ìdíje náà ní ọdún tí ń bọ̀. Bí ó bá ṣe bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, ìwé ọkọ̀ òfurufú ni yóò kọ́kọ́ rà, nítorí pé òun ni ó jọ ìrìn-àjò jù lójú. Àṣìṣe ńlá ni. Ìwé ọkọ̀ òfurufú ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ ni ó pọ̀ jù, òun sì ni ó ṣòro jù láti rí gbà padà bí nǹkan bá yí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wà ní nǹkan bí oṣù mẹ́wàá kí eré ó tó bẹ̀rẹ̀. Centre Court, tí í ṣe pápá tí ó tóbi jù, kò gbà ju nǹkan bí 15,000 ènìyàn lọ, àwọn tí ó sì fẹ́ wọ ibẹ̀ ju èyí lọ fíìfíì. Nítorí náà, kèké ni àwọn aláṣẹ ń ṣẹ́. Ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án ọdún tí ó ṣáájú, wọn a ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í gba owó, ará Nàìjíríà sì lè kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ bí ará Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbọ́dọ̀ kọ orúkọ láti inú agboolé kan. Ẹni tí kèké bá mú kì í yan ọjọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í yan pápá. Wọ́n lè fún un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní ní pápá kejì, nígbà tí ó jẹ́ pé àṣekágbá ní Centre Court ni ó ti ń lálàá. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó kù sí láti san owó kí ọjọ́ tí wọ́n dá fún un ó tó kọjá, tàbí kí àǹfààní náà bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà, kò bọ́gbọ́n mu kí akọ̀wé wa gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ kí ó tó mọ ọjọ́ tí kèké fún un. Iye owó pàápàá kò rí bákan náà: ní 2024, 30 pọ́n-ún ni ẹni tí ó bá fẹ́ wọ inú ọgbà lásán ń san ní àwọn ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n 275 pọ́n-ún ni ìjókòó kan fún àṣekágbá àwọn ọkùnrin.

Ibí yìí ni àwọn gbájú-ẹ̀ ti ń rí jẹ. Orúkọ ẹni tí kèké mú ni ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sì ní ẹ̀tọ́ láti tà á fún ẹlòmíràn. Irú ìjókòó kan ṣoṣo ni òfin ẹgbẹ́ náà fi àyè gbà kí á tún tà: ti àwọn olówó tí wọ́n ti san owó ńlá sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún, èyí tí wọ́n ń lò láti fi tún ọgbà náà ṣe. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ wọ́n bí ojú. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ń fi tíkẹ́ẹ̀tì kèké lọ akọ̀wé wa ní ẹ̀dínwó, kí ó di owó rẹ̀ mú.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ físà. Òfin kò gba àlejò láyè láti béèrè físà àbẹ̀wò ju oṣù mẹ́ta lọ ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, nítorí náà ẹni tí yóò lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ní láti ní sùúrù di oṣù kẹrin. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni yóò ti kọ ìbéèrè rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò lọ tẹ̀ka tí wọn yóò sì ya àwòrán rẹ̀ ní ọ́fíìsì tí wọ́n yàn, ní Èkó tàbí ní Àbújá. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni èsì sábà máa ń gbà, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ fún un, owó tí ó san kò ní padà wá. Tíkẹ́ẹ̀tì Wimbledon kò sì ní kí wọ́n má kọ̀. Ó kàn ń jẹ́rìí sí ohun tí ó fẹ́ lọ ṣe ni.

Ìwé tí wọ́n ń béèrè pọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ni ó wà nídìí gbogbo wọn: ǹjẹ́ ọkùnrin yìí yóò padà wálé? Ìwé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, pé ìsinmi ni ó gbà, àti ọjọ́ tí yóò padà sẹ́nu iṣẹ́, ń dáhùn ìbéèrè náà. Ìyàwó àti ọmọ tí ó fi sílẹ̀ nílé ń dáhùn rẹ̀. Àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ ní báńkì ń dáhùn rẹ̀ pẹ̀lú, bí ó bá jẹ́ pé owó oṣù ni ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá yá owó ọ̀rẹ́ kún tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó fẹ́ kọ ìwé, ara rẹ̀ ni ó ń tàn jẹ, nítorí pé ọjọ́ tí owó náà wọlé hàn gedegbe nínú àkọsílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sì ká ayédèrú ìwé mọ́ lọ́wọ́ lè wà ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn fún ọdún mẹ́wàá. Bí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan bá wà ní Peckham tàbí ní àdúgbò mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù tí yóò gbà á sílé, kí onítọ̀hún kọ ìwé tí yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde; èyí tí ó bá gbàgbé nílé, ó ṣòro kí ó tó rí i gbà ní ọ̀nà. Ìgbà tí físà bá dé ni kí ó tó ra ìwé ọkọ̀ òfurufú.

Bí kèké kò bá wá mú un ńkọ́? Wimbledon yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ìdíje ńlá ní ti èyí. Lójoojúmọ́, àwọn aláṣẹ ń ya nǹkan bí 500 ìjókòó sọ́tọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn pápá mẹ́ta tí ó ga jù, àfi Centre Court ní ọjọ́ mẹ́rin ìkẹyìn, wọn a sì tà wọ́n fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé orí ìlà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé sínú ọgbà ni wọ́n sì tún ń tà lẹ́yìn ìyẹn. Nítorí náà, àwọn ènìyàn ń sun orí koríko Wimbledon Park mọ́jú nínú àgọ́ tí kò gbọ́dọ̀ gbà ju ẹni méjì lọ. Bí ènìyàn bá ti dé, wọn a fún un ní káàdì tí nọ́ńbà àti ọjọ́ wà lára rẹ̀. Kò sí pé ẹnì kan ń gba àyè sílẹ̀ fún ẹnì kejì. Ẹni tí ó bá kúrò ní àyè rẹ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ lè pàdánù rẹ̀. Ní kùtùkùtù, àwọn olùtọ́jú ìlà a jí gbogbo wọn, wọn a ní kí wọ́n tú àgọ́ wọn palẹ̀. Àwọn tí ó wà níwájú a gba okùn ọrùn ọwọ́ tí yóò fi hàn pé pápá báyìí ni tiwọn. Agogo mẹ́wàá ni ẹnu ọ̀nà ń ṣí. Lórí ìlà yìí, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kò lè sọ pé òun ju akọ̀wé lọ. Bí ó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò wà.

Ẹni tí ó bá gbójú lé ìlà ní láti fi ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀, nítorí òjò. Kí ó sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, nígbà tí gbogbo pápá ń ṣiṣẹ́, tí ẹni tí ó san owó ọgbà lásán sì lè dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ díẹ̀ sí àwọn ọ̀jáfáfá eléré. Òtútù òru ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Ìbàdàn, àní nínú oṣù keje. Kí ó mú aṣọ òtútù àti agboòrùn lọ. Báàgì ńlá kò ṣe é gbé wọlé.

Ìrìn-àjò fúnra rẹ̀ kò ní wàhálà púpọ̀. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, aago ibẹ̀ sì bá ti Nàìjíríà mu ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Láti Heathrow, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Piccadilly yóò gbé e dé Earl's Court. Níbẹ̀ ni yóò ti wọ ti District lọ sí Southfields, tí yóò sì fi ẹsẹ̀ rìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nínú ọgbà, yóò rí i pé aṣọ funfun nìkan ni àwọn eléré ń wọ̀, nítorí òfin ni. Yóò rí àwọn ènìyàn tí ń jẹ èso sitirọ́bẹ́rì pẹ̀lú ọ̀rá wàrà. Nígbà tí eléré bá gbé bọ́ọ̀lù sókè láti ṣí eré, kẹ́kẹ́ a pa, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lọ jókòó ní láti dúró di ìgbà tí àwọn eléré bá ń pààrọ̀ ìhà. Láti 2009 ni òrùlé tí ó ń ṣí tí ó sì ń tì ti wà lórí Centre Court, nítorí náà òjò kò lè lé wọn mọ́ níbẹ̀. Bí ìrọ̀lẹ́ bá dé, àwọn tí ó ti wà láti òwúrọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé, wọn a sì dá àyè wọn padà. Àwọn aláṣẹ a tún un tà ní owó kékeré fún àwọn tí ó ṣẹ́kù nínú ọgbà, owó náà a sì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ ní oṣù keje títí di ẹ̀yìn agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Akọ̀wé tí ó san owó ọgbà lásán lè tipa báyìí rí ara rẹ̀ nínú Centre Court ní agogo méje, lórí ìjókòó tí ọlọ́rọ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò, tí abala kẹrin sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.