Grand-Bassam: Ìdí tí sìmẹ́ǹtì kò fi bá ògiri ilé àtijọ́ mu

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Abidjan, tó kọjú sí ìlà oòrùn, yóò dé Grand-Bassam lẹ́yìn nǹkan bíi kìlómítà 40. Ní àdúgbò Quartier France, láàárín òkun àti ọ̀sà, àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n kọ́ nígbà ìjọba amúnisìn Faransé ṣì dúró níbẹ̀. Wọ́n ti tún àwọn kan ṣe, àwọn mìíràn sì ti di ahoro tí igi ń hù lára ògiri wọn.

Kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan ló ń ba irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́. Àtúnṣe tí kò tọ́ náà ń wó ilé.

Kí ló dé tí ìlú yìí fi ṣe pàtàkì?

Ọdún 1893 ni Grand-Bassam di olú ìlú àkọ́kọ́ fún Côte d'Ivoire lábẹ́ Faransé. Lọ́dún 1899, àjàkálẹ̀ ibà pọ́njú pa èèyàn púpọ̀, ìjọba sì kó lọ sí Bingerville lọ́dún 1900. Abidjan gba ipò náà ní ọdún 1934.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1949, àwọn obìnrin láti Abidjan wọ́ lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Grand-Bassam láti bèèrè pé kí Faransé tú àwọn olóṣèlú tí wọ́n tì mọ́lé sílẹ̀. Lónìí, ilé tí gómìnà ń gbé nígbà tí ìlú náà jẹ́ olú ìlú ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé aṣọ ìbílẹ̀. Lọ́dún 2012, àjọ UNESCO fi ìlú náà àti abúlé àwọn N'zima tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé.

Iyọ̀ ni ọ̀tá, sìmẹ́ǹtì sì ń ràn án lọ́wọ́

Ògiri ilé ìgbà náà sábà máa ń jẹ́ bíríkì tàbí òkúta tí wọ́n fi yanrìn àti ẹfun sísun so pọ̀. Ẹfun yìí, tí àwọn Faransé ń pè ní chaux, wá láti ara òkúta ẹfun tàbí ìkarahun tí wọ́n sun nínú iná, tí wọ́n sì da omi sí títí tó fi di lẹ́ẹ̀.

Omi inú ilẹ̀ máa ń gun ògiri bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Atẹ́gùn òkun náà ń gbé iyọ̀ wá. Bí omi bá gbẹ, iyọ̀ á kù sínú ògiri, á dì, á wú, á sì máa fọ́ bíríkì di lẹ́búlẹ́bú.

Ẹfun sísun ń jẹ́ kí ògiri mí. Ọ̀rinrin ń gba inú rẹ̀ jáde, iyọ̀ á sì dì sára ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri lóde. Bí èyí bá bàjẹ́, wọ́n á ha á kúrò, wọ́n á rẹ́ òmíràn, bíríkì inú kò sì ní fara pa.

Sìmẹ́ǹtì le, ó sì ki. Ẹni tó fi í rẹ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tó wọ aṣọ ọ̀rá fún ẹni tó ń làágùn. Omi kò ní rí ọ̀nà jáde, iyọ̀ á kóra jọ sẹ́yìn sìmẹ́ǹtì. Nígbà tó bá yá, sìmẹ́ǹtì náà á ṣí ní ègé ńláńlá, á sì bó ojú bíríkì lọ. Ọ̀dà tó ń dán bí ike ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà.

Báwo ló ṣe yẹ kí wọ́n tún un ṣe?

Yorùbá ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ibi tí omi ń gbà wọlé ni ẹ ó kọ́kọ́ wá: òrùlé tó ń jò, ọ̀nà omi tó dí, ògiri tó sán. Bí igi bá hù lára ògiri, ẹ má fà á tu lójijì, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ lè wó ògiri. Ẹ gé e, kí ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò kú, kí ẹ tó yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á rọra ṣí sìmẹ́ǹtì àtijọ́ kúrò, tí wọ́n á sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá iyọ̀ dànù. Ìwọ̀n ẹfun kan sí yanrìn mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń lò. Yanrìn etí òkun kò ṣe é lò láìfọ̀ ọ́, torí iyọ̀ inú rẹ̀. Ẹfun máa ń jó ara, nítorí náà ìbọ̀wọ́ àti awò ojú ṣe pàtàkì.

Wọ́n á fi omi wọ́n ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Wọ́n á wá fi àpò tútù bò ó, torí afẹ́fẹ́ ló ń sọ ẹfun padà di òkúta, kò sì gbọdọ̀ gbẹ kíákíá.

Ohun tí kò ní ẹ̀rí, ẹ má dá a sí i. Àdéhùn Venice ọdún 1964, tí àwọn olùtọ́jú ilé àtijọ́ kárí ayé ń tẹ̀ lé, ní kí àtúnṣe dúró níbi tí ìfojúdá bá ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ló kan Yorùbá nínú rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló ń gbé Abidjan, pàápàá àwọn ọmọ Ejigbo ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ilé bàbá ńlá nílé, tí irú ìṣòro yìí wà lára rẹ̀.

Ní Èkó, ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ Ilojo Bar, ọ̀kan lára àwọn ilé tó fi ọgbọ́n ìkọ́lé àwọn Àgùdà hàn. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1894, ṣì wà ní Èkó, bẹ́ẹ̀ náà ni mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà kọ́ sí Porto-Novo.

Òfin nìkan kò tó gbà ilé là. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ jẹ́ ti ẹbí, àwọn ajogún pọ̀, owó kò sì tó. Sìmẹ́ǹtì wà ní gbogbo ìsọ̀, bẹ́ẹ̀ oníṣẹ́ tó mọ ẹfun lò ṣọ̀wọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ École du Patrimoine Africain ní Porto-Novo ń kọ́ àwọn tó ń tọ́jú ogún ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n àwọn bíríkìlà àdúgbò náà nílò irú ìmọ̀ yìí.

Bí ẹbí yín bá ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, ẹ bèèrè lọ́wọ́ bíríkìlà ohun tí wọ́n fi kọ́ ògiri náà kí ẹ tó ra sìmẹ́ǹtì. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ dí òrùlé tó ń jò ná, kí ẹ fi ògiri sílẹ̀ títí ẹ ó fi rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.