Eré Ìje Ọlọ́nà Jíjìn: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tí Kò Ráyè Gbára Dì Mọ̀

Láti oṣù Kejì ọdún 2016 tí eré ìje ọlọ́nà jíjìn ti ìlú Èkó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àwọn ògbóǹtarìgì sárésáré láti Kẹ́ńyà àti Etiópíà nìkan ló ń kópa nínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, olùkọ́, oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ náà a máa jáde wá sá eré kìlómítà 42 àti mítà 195. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé iṣẹ́ oòjọ́, ìtọ́jú ilé àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò fún wọn láàyè láti gbára dì ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Ǹjẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè sá eré náà láìfi ara rẹ̀ wewu?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Ṣúgà tí ara kó pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ni ènìyàn kọ́kọ́ fi ń sáré. Ìpamọ́ yìí a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní nǹkan bíi kìlómítà 30. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀rá ni ara yóò gbára lé jù, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá kì í tètè di agbára. Ẹsẹ̀ yóò wúwo, òòyì sì lè máa kọ́ ènìyàn. Ìgbaradì olóṣù mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń kọ́ ara láti fara da ìṣòro yìí.

Bákan náà, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró a máa tètè mọ́ eré lára ju egungun àti oríkèé lọ. Ìdí nìyí tí ẹni tí èémí rẹ̀ já gaara fi lè fi egungun ẹsẹ̀ tó sán darí sílé.

Àwọn ewu tó wà níbẹ̀

Ikú òjijì láti ọwọ́ àìsàn ọkàn kò wọ́pọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2012 fi hàn pé nínú mílíọ̀nù 10.9 sárésáré, ènìyàn 59 ni ọkàn wọn dá iṣẹ́ dúró. Síbẹ̀, ó yẹ kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí àyà máa ń dùn, rí dókítà kí ó tó forúkọ sílẹ̀.

Ooru ni ewu kejì. Bí ooru ara bá kọjá ìwọ̀n 40, tí ọ̀rọ̀ ẹni náà kò sì já gaara mọ́, omi tútù ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi tu ara rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀wẹ̀, omi àmujù náà léwu, nítorí pé ó ń dín iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kù. Nínú sárésáré 488 tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò ní ìlú Boston lọ́dún 2002, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ìṣòro yìí. Bí òùngbẹ bá gbẹ ènìyàn ni kí ó mu omi.

Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ AS, tí wọ́n tó nǹkan bí ẹnìkan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gidigidi. Eré àsápajúdé láìgbaradì lè ba iṣan wọn jẹ́, kí ó sì pa kíndìnrín lára. Bí ìtọ̀ ẹnikẹ́ni bá dúdú lẹ́yìn eré, ilé ìwòsàn ló yẹ kí ó gbà lọ. Kò sì dára láti lo oògùn ara ríro bíi ibuprofen kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ

Ẹni tí àyè rẹ̀ kò tó lè fi eré kìlómítà 10 bẹ̀rẹ̀. Ó lè máa sáré lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ jìn ju àwọn yòókù lọ, kí ó sì máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Bí ó bá kọ̀ tí kò gbà ju kìlómítà 42 lọ, kí ó máa sáré, kí ó sì máa rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tó bá rẹ̀ ẹ́ tán. Oúnjẹ tó ti mọ́ ọn lára ni kí ó jẹ, kí ó sì sùn dáadáa.

Bí àyà bá ń dùn ún, tí òòyì ń kọ́ ọ, tàbí tí ibà ń ṣe é, kí ó dúró. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Eré ìje mìíràn ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.