Ìjà Ojú Oorun: Ìkìlọ̀ tí Kò Yẹ kí Àgbàlagbà Fojú Fò

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ni a ti máa ń gbọ́ pé bàbá kan kígbe lójú oorun, pé ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu ògiri, tàbí pé ó lu aya rẹ̀ tí ó sùn tì í. Bí a bá jí i, yóò sọ pé olè ni òun ń bá jà, tàbí pé ẹranko ni ó ń lé òun. Àwọn ará ilé a ní ogun òru ni. Wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí ó rán an. Nígbà mìíràn, aya tí ó fara gba ẹ̀ṣẹ́ náà gan-an ni a ó tún fi ẹ̀sùn kàn. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ti rí i pé irú ìjà bẹ́ẹ̀, bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra sí ẹni tí ó ti lé ní 50 ọdún, lè jẹ́ àmì àrùn ọpọlọ tí kò tí ì yọjú ní ọ̀sán.

Oorun kì í rí bákan náà láti alẹ́ di òwúrọ̀. Ìgbà kan wà nínú rẹ̀ tí ẹyinjú a máa yí kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú, tí àlá a sì pọ̀. Ní ìgbà náà, ibì kan ní ìdí ọpọlọ a máa di iṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mú, bí ìgbà tí a fi okùn so ẹran mọ́lẹ̀, kí ẹni tí ó ń lá àlá pé òun ń sáré má baà sáré ní tòótọ́. Ní àwọn ọdún 1960, Michel Jouvet ní ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ba ibẹ̀ jẹ́ nínú ọpọlọ àwọn ológbò. Bí wọ́n ti ń sùn, wọ́n ń dìde, wọ́n sì ń fò mọ́ ohun tí kò sí níbẹ̀. Okùn náà ti já.

Ní 1986, Carlos Schenck àti Mark Mahowald, àwọn oníṣègùn ní ìlú Minneapolis ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, kọ̀wé nípa àwọn àgbàlagbà tí okùn yìí ti já fún. Lẹ́yìn náà wọ́n ń ṣọ́ ọkùnrin 29 tí ìjà ojú oorun ń yọ lẹ́nu, ṣùgbọ́n tí a kò rí àrùn ọpọlọ kankan lára wọn. Ní 1996, àrùn Parkinson tàbí èyí tí ó jọ ọ́ ti mú 11 nínú wọn. Ní 2013, nínú 26 tí wọ́n ṣì lè tọpa, àrùn náà tàbí ìṣarán ti mú 21. Ní 2019, a tẹ ìwádìí mìíràn jáde láti ibi ìtọ́jú 24, lórí ènìyàn 1,280. Ó fi hàn pé bí ọdún 12 bá kọjá, nǹkan bí 73 nínú 100 ni irú àrùn bẹ́ẹ̀ yóò ti mú.

Ìdí rẹ̀ ni pé èròjà kan tí a ń pè ní alpha-synuclein a máa ṣù pọ̀ nínú ọpọlọ. Nínú ọ̀pọ̀ aláìsàn, ìdí ọpọlọ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ó tó gòkè dé ibi tí ń darí ìrìn àti iṣẹ́ ọwọ́. Nítorí náà, oorun lè dàrú ní ọdún púpọ̀ kí ọwọ́ tó máa gbọ̀n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má gbọ́ òórùn irú nínú ọbẹ̀ mọ́. Ìgbọ̀nsẹ̀ a máa ṣòro fún un. Lẹ́yìn náà ìrìn rẹ̀ a falẹ̀, ìwé tí ó ń kọ a sì máa kéré sí i.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó sọ̀rọ̀ lójú oorun ni ó ní àrùn yìí. Ibà líle lè mú ènìyàn ṣe ìrànrán. Àwọn ọmọdé a máa rìn lójú oorun, wọn kì í sì í rántí rẹ̀. Ẹni tí ń hanrun, tí èémí rẹ̀ ń dá dúró, lè ta jí pẹ̀lú ìjàkadì. Oògùn kan tí a ń lò fún ìbànújẹ́ ọkàn pẹ̀lú lè fa irú rẹ̀. Àmì èyí tí a ń sọ ni pé ó sábà ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ti ń súnmọ́ àtimọ́, pé ẹni náà a tètè jí, àti pé àlá tí ó rọ́ a bá ohun tí ó ṣe mu.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe nìwọ̀nyí. Èkíní, kí a kó àdá, ọ̀bẹ, ìbọn àti àtùpà kúrò nítòsí ibùsùn, kí a sì tẹ́ ẹní tàbí tìmùtìmù sílẹ̀. Èkejì, kí aya sùn sí ibùsùn ọ̀tọ̀ títí a ó fi rí ìtọ́jú; kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn, kí ẹni tí ó rí ìjà náà sì bá a lọ, nítorí ẹni tí ó sùn kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀. Oògùn wà tí ń dín ìjà náà kù.

Títí di ìsinsìnyí, kò sí oògùn tí ń dá àrùn náà fúnra rẹ̀ dúró. Èyí tí a fi ń tọ́jú ìrìn àti ọwọ́ tí ó le, levodopa, wà nínú èso wèrèpè pẹ̀lú; ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ sè é mu, nítorí kò sí bí yóò ti mọ ìwọ̀n tí ó ń mu. Eré ìmárale àti iṣẹ́ oko tí agbára gbé dára fún ara. Ẹni tí ó bá tètè mọ̀ yóò ráyè ṣètò ilé àti oko rẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀, a kò sì ní máa fi aláìṣẹ̀ sùn. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.